Calogero Tó Kú àti Calogero Tó Gbé Ère Jáde

Ẹnu Gaspare onígbàjámọ̀ kì í sinmi ní ìlú wọn ní Sísílì, erékùṣù ilẹ̀ Ítálì. Àjọ̀dún ẹni mímọ́ ìlú ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tó rí Crocifissa tó ń ti ibi búrẹ́dì bọ̀.

"Ìyá Totò, mo ti yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wò o. Calogero baba ńlá yín tí ẹ fi ń yangàn, ọmọ oṣù mẹ́ta ni nígbà tó kú. Ṣé òkú ọmọ ọwọ́ ló wá gbé ère?"

Àwọn tó ń dúró gẹrun rẹ́rìn-ín. Inú Crocifissa bàjẹ́ gan-an, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Láyé àtijọ́, ẹrẹ̀ ya láti orí òkè wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Calogero darandaran ló sì pọn ère ẹni mímọ́ sẹ́yìn jáde. Látìgbà náà, ọmọkùnrin ilé rẹ̀ ló ń gbé ọ̀pá iwájú lára ọ̀pá tí wọ́n fi ń ru ère náà yí ìlú ká lọ́jọ́ àjọ̀dún. Totò ọmọ Crocifissa ló kàn lọ́dún yìí, àmọ́ Gaspare fẹ́ kí ọmọ tiẹ̀ gbà á.

"Fadá ti gbọ́. Ẹ mú ẹ̀rí wá," Gaspare ló tún sọ bẹ́ẹ̀.

Crocifissa lọ wo ìwé náà. Irọ́ kọ́: ikú Calogero wà níbẹ̀, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ pé. Bó ṣe ń bọ̀, ó yà sí itẹ́ òkú láti fẹjọ́ sun ìyá rẹ̀ tó ti kú, bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, fọ́tò ọmọdébìnrin kan wà lára òkúta, wọ́n kọ Crocifissa sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó kú kí wọ́n tó bí òun. Lọ́dọ̀ wọn, bí ọmọ bá kú, èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kí orúkọ àwọn àgbà má baà parun.

Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín òkú. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò.

Ó padà lọ ṣí ìwé náà síwájú. Calogero kejì rèé, bàbá kan náà, ìyá kan náà. Wọn ò gbà á sí iṣẹ́ ológun, wọ́n ní ó kúrú jù. Ó fẹ́ Vincenza, ó fa àgbélébùú síbi tó yẹ kó kọ orúkọ rẹ̀ sí, torí kò mọ̀wé. Fadá ayé ìgbà yẹn ṣàròyé pé ewúrẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ẹrẹ̀ ya, Fadá yìí kan náà kọ ọ́ pé ère fi imú ṣèṣe, Calogero fi ẹ̀yìn ṣèṣe. Títí dòní, imú ère náà kò pé.

Ó fi han Fadá, lẹ́yìn náà ó tọ Gaspare lọ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Gaspare, ta ni Gaspare tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ ní itẹ́ òkú?"

Gaspare gbé abẹ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi tó kú lọ́mọ ọwọ́ ni."

"Òkú ọmọ ọwọ́ ló ń gẹrun fún wa nìyẹn."

Ẹ̀rín tọjọ́ yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ, Gaspare náà sì bá wọn rín in.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, Totò wà níwájú, ọmọ Gaspare tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́bàá itẹ́ òkú, Crocifissa yà kúrò láàárín èrò. Látọjọ́ tó ti ń jẹ́ orúkọ ọmọdébìnrin yẹn, kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó fi òdòdó kan sábẹ́ fọ́tò rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń tọ́jú orúkọ wa o."