Ìṣó Irin Nínú Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọ̀sán gangan ni àwọn sójà yìnbọn ládùúgbò wa ní Tokoin Wuiti, nílùú Lomé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ránṣọ, ti lọ ra òwú. Bí àwọn èèyàn ṣe ń sá fún sójà ló já sí gọ́tà, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń wa máṣíìnì.

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un kò tíì pẹ́ tó ti Faransé dé. Ìṣó irin méjì ló fi so egungun náà pọ̀, ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọdún kan kí òun yọ wọ́n. Ó wá sọ fún wa pé níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, ìṣó mìíràn wà tí kì í ṣe irin. Bí egungun bá ṣe ń jinná ni yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ara, aláìsàn kò ní padà sábẹ́ ọ̀bẹ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá kò sí irú rẹ̀ ní Lomé.

“Mo ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ìjọba, madame,” ó ní. “Wọn ò dá mi lóhùn.”

Ọdún kan tí dókítà dá fún wa kò tíì pé tí ìyanṣẹ́lódì fi dé káàkiri ìlú nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọjà tì, ilé ẹ̀kọ́ tì, àwọn aládùúgbò di ẹrù wọn gba Ghana lọ. Àwa dúró, torí ẹ̀gbọ́n mi kò lè rìn jìnnà. Orí ìṣó kan ti ń ti awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ síta, ibẹ̀ sì ń ṣọyún. Mo fi mọ́bílẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré mi, gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní wọ́n ti ti ilé ìwòsàn pa, dókítà sì ti kó ìyàwó àtọmọ sọdá sí Cotonou.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Nukafu ló ń bá wa fọ egbò náà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò jẹ́ fọwọ́ kan irin inú egungun. Lọ́jọ́ kan, bí nọ́ọ̀sì náà ṣe ń wé egbò náà lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi.

“Ì bá sàn ká ní dókítà yẹn ò sọ fún mi pé èyí tó ń yọ́ wà.”

Ìgbà tí ilé ìwòsàn padà ṣí, dókítà mìíràn ló yọ irin náà. Ọyún ti jẹ egungun. Ó ní oríkèé náà kò ní ṣeé ká mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó kàn béèrè bóyá òun lè fi ẹsẹ̀ òsì wa máṣíìnì. Dókítà ní kó gbìyànjú.

Ó gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ojú rírán ló ń wọ́. Lẹ́yìn náà ó da aṣọ bo máṣíìnì, ó ní kí n bá òun gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.