Gáùn Màmá Tí Télọ̀ Tú

Màmá mi, ogójì ọjọ́ tí ẹ ti lọ pé lónìí.

Mo mú gáùn tí ẹ rán kẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ní Igbókòdá, kó dín èjìká rẹ̀ kù. Ìgbà tí mo padà dé, ó ti tú ìbàdí rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ẹni tó rán èyí ò mọṣẹ́ o! Ìbàdí gáùn wo ló ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìgbáròkó?"

"Ìyá mi ló rán an. Bí ìyá wọn àgbà ṣe ń wọ gáùn láàárín ogun àgbáyé méjèèjì nìyẹn."

"Yéè! Ẹ má bínú."

Mo gba gáùn náà, mo sunkún nínú ọkọ̀ ojú omi dé ilé ní Ugbónlà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ ń ka èyí, ṣé mo ṣe àṣejù bí mo ṣe sunkún nítorí gáùn ni?

Màmá, ẹ̀rọ ìránṣọ yín ni màá fi tún un rán. Màá sì máa rán irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi.