Ẹyẹ Ti Táyé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Newtown ni òórùn èèpo ọsàn àti ṣúgà tó ń yọ́ lórí iná ta sánsán sí mi nímú. Mo dúró gbagidi, àwọn èèyàn ń yà mí kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Rosettenville, àdúgbò wa àtijọ́, rí, òórùn yẹn ni òórùn ọdún Àjíǹde nílé wa, nígbà tí ariwo Ife Àgbáyé tí wọ́n gbá níbí kò tíì pẹ́ tó lọ sílẹ̀.

Màmá Rósà, opó Potogí tó ń gbé ilé kejì sí wa, ló kọ́ màmá wa ní búrẹ́dì ọdún Àjíǹde tó ní òórùn yẹn. Ẹyin àti bọ́tà pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń mọ ọ́n bí ẹyẹ: wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé ìyẹ́ sí i lára, wọ́n á fi èso àjàrà gbígbẹ ṣe ojú rẹ̀. Màmá wa, tí iṣẹ́ ọ́fíìsì kì í jẹ́ kó rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀sẹ̀, á wá dà bí ọmọdé lọ́jọ́ náà, ìyẹ̀fun á kún imú rẹ̀. Èmi ní ẹyẹ tèmi, Táyé, ìbejì mi, ní tirẹ̀. Orí ni Táyé máa ń kọ́kọ́ bù jẹ, ó ní kó má baà máa wo òun.

Láti kékeré ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń bá Táyé fínra. Lọ́dún kan, kí Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì padà wálé mọ́.

Nígbà tí Àjíǹde ń bọ̀, màmá wa ní òun kò ṣe búrẹ́dì kankan. Màmá Rósà kò bá a jiyàn. Ó gbé ìyẹ̀fun wá ní Sátidé, ó fọ ọwọ́, ó ń pò ó nílé ìdáná wa bí ẹni pé ilé tirẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí màmá wa tó dìde lọ bá a. Ó mọ ẹyẹ kan, ó tẹ́ ẹ sínú páànù. Ó wá dúró, ìyẹ̀fun tó kù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Bàbá wa wà lẹ́nu ọ̀nà. "Mọ ọ́n, Ìyá Ìbejì," ó ní. "Méjì la bí."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹyẹ méjì wà lórí tábìlì láàárín ìrẹsì àti adìyẹ. Bàbá wa bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kò lè parí rẹ̀. Mo ń wo ẹyẹ kejì.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi," màmá wa ní. "Ta ni kó bá a jẹ ẹ́ bí kò ṣe ìwọ?"

Mo ń jẹ, mo ń sunkún, kò sì sí ẹni tó ní kí n dákẹ́.

Màmá Rósà ti kú. A ti kó lọ sí Randburg, níbi tó jẹ́ pé mọ́tò la fi ń dá aládùúgbò mọ̀. Ọwọ́ ń ro màmá wa, kò lè po ìyẹ̀fun mọ́. Ìdòwú, àbúrò wa obìnrin tí kò rí Táyé rí, tó jẹ́ pé bí a bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, òyìnbó ló máa fi dáhùn, òun ló ń mọ àwọn ẹyẹ náà báyìí. Mẹ́ta ló máa ń mọ, ẹnikẹ́ni kò sì rán an. Bí a bá jẹun tán, á rọra ti ọ̀kan sí iwájú mi.

"Bọ̀dá, ti Bọ̀dá Táyé rèé," á wí, ní Yorùbá.

Mo máa ń jẹ ẹ́ tán. Kò tíì dùn lẹ́nu mi rí.