Áísì Kan, Ilé Géèmù Méjì

Nígbà tí ọkọ mi gbé géèmù orí tẹlifíṣọ̀n wá sí pálọ̀ wa ní Ìlọ́fà, mo rò pé iṣẹ́ kánsù ti sú u ni. Ó ní rárá, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ilé-ìwé ni yóò máa wá gbá a, tí wọn yóò sì máa sanwó. Wọ́n sì wá lóòótọ́. Kò pẹ́ tí ìyá aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì náà gbé tirẹ̀ jáde. Tiwa dúdú, tirẹ̀ funfun. Gbogbo ọmọ tó bá ń kọjá ni ọkọ mi ń kìlọ̀ fún pé funfun máa ń ba ojú jẹ́. Ìyá aránṣọ náà ń sọ fún wọn pé dúdú máa ń mú kí ọmọ gbàgbé ìwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú, àrá sán, géèmù wa kú. A gbọ́ tí àwọn ọmọ pariwo lódìkejì. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tirẹ̀ náà ti lọ," ó ní, bí ẹni pé tiwa kò kú.

Ó gbé tiwa sínú apẹ̀rẹ̀, ó kó ọsàn lé e lórí kí aládùúgbò má baà mọ̀, ó sì wọkọ̀ lọ sí Osi, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Ọkùnrin náà tú u, ó fọwọ́ kan áísì inú rẹ̀, ohun dúdú pẹlẹbẹ kan tó lẹ́sẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọ̀kùn. Ó ní ìyẹn ló jóná. Òun kò tíì pààrọ̀ irú rẹ̀ rí, àfi kí òun lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá òun ní Ìlọrin, kí òun sì ra òmíràn bọ̀. Ọkọ mi fún un lówó.

Géèmù wa padà dé, àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, orin géèmù ti ń dún ketekete lódìkejì. Ọkọ mi kò lè jẹ iyán mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sí Osi. Ìyá aránṣọ la bá níbẹ̀, òun náà ti ń jà.

"Mo fi owó mi rán ọ lọ kọ́ṣẹ́, o wá fi tún ti alátakò mi ṣe."

Ọkọ mi ní, "Owó ta ni? Èmi ni mo rán an lọ sí Ìlọrin."

Ọkùnrin náà gbé irin tó fi ń jó òjé kalẹ̀. "Ẹ má bínú. Bàbá, ẹ̀yin lẹ san owó ọkọ̀ àlọ. Màmá ni wọ́n san ti àbọ̀. Ká ní Bàbá kọ̀, mi ò ní lè lọ; ká ní Màmá kọ̀, ǹ bá ṣì wà ní Ìlọrin."

Ó ní áísì kan náà ló wà nínú méjèèjì. Àwọn tó ṣe wọ́n lókè òkun ń bá ara wọn díje, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ti ń rà á.

Ìyá aránṣọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo wá ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ sí?" ó bi mí. Èmi náà rín in títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀ padà sílé. Iwájú ni ọkọ mi jókòó sí.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, àwọn ará Ìdòfin àti Koro ti ń gbé tiwọn lọ sí Osi. Nígbà kan tí ọkọ mi lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Koro, ó gbọ́ orin náà nínú ilé kan, ó sì dúró. Onílé kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Bàbá, ẹ wọlé, ẹ wá gbá díẹ̀." Ọkọ mi jókòó, òun àti ọmọbìnrin kékeré kan jọ gbá a.

Nígbà tó délé, ó ní àwòrán wọn mọ́ dáadáa. Mo bi í pé ta ló borí. Ó ní kí n gbé oúnjẹ wá.