Àdúrà Tí Ìyá Onílé Wa Gbà ní Yunifásítì

Mo rántí ìgbà tí mo ṣì gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ti inú máíkì yunifásítì jáde, kò sí bí kò ṣe ní dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, iṣẹ́ mi sì ni láti máa ṣètò àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba tí yunifásítì wa ní Port Harcourt máa ń ṣe. Èmi ni mo ń pín ìwé ìpè, èmi ni mo ń wá ẹni tí yóò gbé àga wá, èmi náà ni mo ń tẹ ìwé ètò. Epo tó dà sódò, èéfín tó bo ojú ọ̀run, omi òkun tó ń ga sí i, ta ló yẹ kó gbé ibo láàárín ìlú: kò sí èyí tí wọn kò sọ létí mi nínú gbọ̀ngàn yẹn. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́. Mo gba àwọn àgbà gbọ́ pátápátá. Lónìí, bí mo bá jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo lè máa tòògbé kí n sì mọ ìgbà tó yẹ kí n pàtẹ́wọ́.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, ìyẹn 1999, ni wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí Port Harcourt. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni, èbúté ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, la bá gba iyàrá kan àti pálọ̀ sí Borokiri, nílé opó kan tó ń yan ẹja tà. Ọmọ Okrika ni ìyá onílé wa yìí. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ èdè tirẹ̀; Pijin la jọ ń sọ, tèmi sì burú débi pé ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dá mi lóhùn. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òun ló fi ọ̀nà ọjà hàn mí, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fẹnu fa ìṣáwùrú yọ nínú ìkarahun rẹ̀. Nígbà tí mo sì bí àkọ́bí mi, tí ìyá mi kò tètè rí ọ̀nà wá láti Iléṣà, ìyá onílé ló ń wẹ ọmọ náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè é ní Mama. Òórùn èéfín ẹja rẹ̀ ni mo máa ń gbé lọ sọ́fíìsì lára aṣọ iṣẹ́ mi, àwọn akẹgbẹ́ mi á sì máa bi mí pé èló ni mo ń ta tèmi.

Ilẹ̀ tí ilé Mama dúró lé, kò sí ẹni tó tà á fún wọn. Omi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, wọ́n á dúró títí omi yóò fi fà, wọ́n á wá máa fi abọ́ bu chikoko, ẹrẹ̀ dúdú tó máa ń wà nídìí igi etí omi, wọ́n á máa dà á jọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí tó fi le, tí wọ́n fi rí búlọ́ọ̀kù tò lé e lórí. Ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó bí.

Nígbà tí ọmọ tiwa di méjì tí iyàrá kan kò gbà wá mọ́, a kó lọ sí Rumuokwurushi, ní òdìkejì ìlú náà, ṣùgbọ́n kò sí oṣù tí n kì í lọ kí i. Ọjọ́ kan ni mo débẹ̀ tí mo rí àmì pupa ràgàjì lára ògiri rẹ̀. Ìjọba ní àwọn fẹ́ wó àwọn ilé etí omi náà, kí ìlú lè rẹwà, kí àgbàrá lè ríbi gbà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ilé ìyá yìí kì í ṣe ilé ọba, kò sì ní òmíràn. Kò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀. “My daughter, dem say make I go. Go where?”

Èmi ọlọ́gbọ́n orí, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ etí omi gan-an ni, àwọn tó ń ṣètò ìlú yóò wà níbẹ̀, kó wá béèrè ìbéèrè rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo gbìyànjú láti fi Pijin pa òwe náà, ó sì wò mí tàánútàánú.

Ó wá. Ó ró jọ́ọ̀jì rẹ̀, ó wé gèlè, ó jókòó níwájú. Ẹni tó bá mọ ìpàdé ńlá ní ìlú wa mọ̀ pé a kì í bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n kọ ti yunifásítì, wọ́n pe àwọn èèyàn pàtàkì sídìí tábìlì iwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú oyè rẹ̀. Wọ́n gbé obì wá, obì sì yí tábìlì náà ká kí wọ́n tó pa á. Wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé olùbánisọ̀rọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀ tán, ebi ti ń pa alága. Wọ́n ní nítorí àkókò, ìbéèrè méjì péré ni wọn yóò gbà, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ló sì gba méjèèjì. Wọn kò béèrè nǹkan kan, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tiwọn ni wọ́n ṣe. Mama nawọ́ títí apá fi ro ó. Ìrẹsì inú páálí ló gbé lọ sílé. Nígbà tó tún wá lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ló rí. Mo sìn ín dé ibi tó ti máa wọkọ̀, ó ní, “I don clap tire. Wetin I dey clap for?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo jókòó ti ìwé ètò tí èmi fúnra mi ń tẹ̀, mo wá rí i pé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ni wọ́n máa ń gé; ohun tó bá wà lókè, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Mo tọ ọ̀gá wa lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí iṣẹ́ ti sú. Mo ní kí a fi opó kan láti etí omi ṣe Ìyá Ọjọ́ níbi èyí tó kàn, kó bá wọn jókòó sídìí tábìlì iwájú, kó sì gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. “Madam, dat one go fine for picture o,” ni ọ̀gá wí, inú rẹ̀ sì dùn.

Àlejò pàtàkì ọjọ́ náà jẹ́ ọ̀gá kan lára àwọn tó ń rí sí ètò ìlú. Ó wọ kóòtù dúdú, ẹ̀gbẹ́ Mama ni wọ́n sì fi í sí. Wọ́n ní ká dìde fún àdúrà. A dìde, a dijú. Ní Port Harcourt, èèyàn lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún ẹni tó ń gbàdúrà pé ó tó, kó jókòó. Pijin ni Mama fi gbà á. Bó ṣe wà lọ́kàn mi ni mo fẹ́ sọ yìí. Ó dúpẹ́ ẹ̀mí, a ṣe àmín. Ó dúpẹ́ fún yunifásítì, a ṣe àmín. Ó wá ní, Baba, ìwọ mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ lo fi síbi tí ilé mi wà, omi ni. Èmi àti ọkọ mi la bu ẹrẹ̀ tó di ilẹ̀. Ọmọ rẹ tó wọ kóòtù dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, àwọn èèyàn rẹ̀ ló kun ògiri mi. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń ba ìlú jẹ́, fi hàn mí kí n lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ omi ló ń ga, ìwọ mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo pè é. Ohùn àmín ti ń lọ sílẹ̀. Mo la ojú kan, mo rí ọ̀gá wa tó ń wo aago. Mama gbé ohùn sókè: Baba, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ilé yẹn títí wọn yóò fi fi ibi tí màá máa sùn hàn mí. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kó ṣe àmín tí ọ̀run máa gbọ́. Gbọ̀ngàn mì tìtì. Ọkùnrin oníkóòtù dúdú náà ṣe é, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ròkè ju ti alága lọ.

Ẹ wo ayọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bọ Mama lọ́wọ́, wọ́n jọ yàwòrán, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ka àmín yẹn sí ìlérí. Orin ni mo kọ wọlé, títí ọkọ mi fi bi mí bóyá wọ́n ti fún mi nígbèéga. Mo ròyìn fún un. Òun tó ti ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ pẹ́ ní, “Màmá àwọn ọmọ, àmín kò ní òǹtẹ̀ lára o.” Mo bínú sí i títí di ọjọ́ kejì.

Òjò ọdún náà kò tíì dáwọ́ dúró tí wọ́n fi kó katapílà dé. Mama pè mí láàárọ̀. Kí n tó dé Borokiri, ilé ti wó palẹ̀, búlọ́ọ̀kù ti ya lu ibi tó ti ń yan ẹja, kò sì sí ẹni tó fi ibì kankan hàn án. Ó jókòó sórí àpótí láàárín ẹrù rẹ̀. Kò sunkún, èmi ni mo ń sunkún.

“Dem say amen,” ó wí. “No be dem say amen?”

Mo ní wọ́n ṣe é, Mama, mo gbọ́ ọ. A kó ohun tó kù sínú ọkọ̀ ọkọ mi, mo mú un lọ sí Rumuokwurushi. Ọ̀dọ̀ wa ló gbé títí tó fi kú. Ilé wa jìnnà sí omi. Láàárọ̀, á jáde sẹ́nu ọ̀nà, á bi mí bóyá omi ti fà, bẹ́ẹ̀ títì ló wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Kò bínú sí mi rí. Ì bá tilẹ̀ bínú, ara ì bá tù mí díẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló wá fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kọjá lọ sin ní Okrika.

Àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò dáwọ́ dúró. Ojú ọjọ́ tó ń yí padà ti di ọ̀rọ̀ ńlá, àwọn olùbánisọ̀rọ̀ ń ti òkè òkun wá, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń bo àga sì ti máa ń dúdú fún èéfín tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run kí ètò tó parí. Ohun kan ló yí padà nínú ìwé ètò. Níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ tó tẹ̀lé àdúrà Mama, ẹnì kan sọ pé nítorí pé ẹ̀sìn wa kò pa pọ̀, á dáa kí olúkúlùkù máa gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́: àdúrà ìdákẹ́jẹ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fìwé pè mí, mo sì ń lọ, nítorí ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní ká dìde, ká bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ́kàn wa. A dìde. Mo ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo ń gbọ́ ikọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Mo dijú, mo wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ, n kò rí. Gbogbo ohun tí mo ní láti bá Ọlọ́run sọ nípa ìlú yìí, Mama ti sọ ọ́ tán, gbogbo wọn ló sì ti ṣe àmín sí i.