Mẹ́dàlì Ìyàwó Mi, Láyà Òsì

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó máa ń sọ̀rọ̀ iwin. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní ọ̀fọ̀ ló dà mí lórí rú. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá àárọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Mi ò sùn, mi ò mutí.

Ìyàwó mi ṣe nọ́ọ̀sì sójà ní Gáḿbíà, ìlú rẹ̀, kí a tó pàdé ní Peckham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Lójú ogun, ó gbé ọkùnrin mẹ́rin tó fara gbọgbẹ́ jáde nínú ilé tó ń jó. Orílẹ̀-èdè kékeré yẹn fi mẹ́dàlì ìgboyà dá a lọ́lá. Kò wọ̀ ọ́ rí. Bí mo bá béèrè, á ní, "Jẹ́ kó wà nínú àpótí."

Ó pé oṣù méje tí mo sin ín, àwọn ará ìlú rẹ̀ pè mí síbi ìrántí àwọn sójà wọn ní Bermondsey. Mo ní èmi ni màá wọ̀ ọ́ fún un. Mo fi í sí àyà òsì kóòtù mi, bí mo ṣe máa ń rí i lára àwọn sójà. Mo fi sikáàfù bò ó, torí òtútù.

Alhaji, aládùúgbò mi tó ti ṣe sójà nílẹ̀ yìí, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, kóòtù rèé o! Ṣé ọba ló ránṣẹ́ pè yín ni?"

"Ọba wo? Bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ wọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba àtẹ̀gùn lọ. Èmi wọ lífìtì.

Láàárín àjà kẹrin sí ìkẹta, lífìtì dúró. Mo tẹ bọ́tìnì títí, kò dáhùn. Ooru ṣàdédé bo ibẹ̀. Mo tú sikáàfù. Mo ń gbọ́ òórùn igi tó ń jó.

Ẹnì kan wà lẹ́yìn mi. Ẹ gbà mí gbọ́, èmi nìkan ni mo wọlé.

Mi ò lè yíjú. Inú irin ilẹ̀kùn tó ń dán ni mo ti rí i: sójà, aṣọ rẹ̀ ti jó mọ́ ọn lára. Mẹ́dàlì ló ń wò, kì í ṣe ojú mi.

"Sístà," ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ọ̀sì, "ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ wá gbé mi."

Ẹnì karùn-ún wà nínú ilé yẹn. Kò sọ ọ́ fún mi rí.

"Èmi kọ́. Ọkọ rẹ̀ ni mí."

Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ògiri ń gbóná, mi ò rí èémí mí.

"Níbo ló wà?"

Mo fẹ́ jáde ni. Ẹ ṣàánú mi, mo kàn fẹ́ jáde ni.

"Nunhead," mo ní. "Itẹ́ òkú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

Ọwọ́ náà kúrò léjìká mi, lífìtì sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí nísàlẹ̀. Alhaji ló dúró níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Ojú rẹ̀ bọ́ sí mẹ́dàlì, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Áà. Ẹni tó gbà á ló ń fi í sí òsì. Ẹni tó bá ń wọ̀ ọ́ fún òkú, ọ̀tún ni."

Mi ò dé Bermondsey. Nunhead ni mo sáré lọ. Yìnyín wà lórí gbogbo sàréè tó wà níbẹ̀. Tirẹ̀ nìkan ni kò ní. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀, ó gbóná.

Mi ò mọ̀ bóyá sójà yẹn wá dárí jì í ni, tàbí ó wá mú un lọ sínú ilé tó ń jó yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ. Ojoojúmọ́ ló ń gbóná.

Ẹ gbọ́ mi: bí ohunkóhun bá há yín mọ́ ibì kan, tó ní kí ẹ júwe ibi tí ẹni yín sùn sí, ẹ jẹ́ kó há yín mọ́bẹ̀.