Wọ́n Ní Odi Ń Ràn Bí Onígbáméjì

Ẹ bá mi fìdí kalẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Okokomaiko. Ọjọ́ ti pẹ́, orí mi ti funfun, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ẹ má retí gírámà lọ́wọ́ mi o. Káfíńtà ni mí. Sítáńdáàdì kẹrin ni mo kà dé kí pákó tó gbà mí lọ́wọ́ ìwé. Akin kọ́ ni mí náà. Ìyẹn, ẹ óò rí i níwájú.

Ìgbà tí owó epo ń wọlé ni. Katapílà ń ya igbó láti Ọ̀jọ́ lọ sọ́nà Bàdágírì, wọ́n ń la títì márosẹ̀. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá, ó ra mọ́tò lónìí. Ilé ń hù bí olú. Kí ni káfíńtà tún ń wá? Ilẹ̀kùn, fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì, mi ò ráyè fẹnu bomi.

Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, pẹ̀lú ọmọ wọn, Síkírá, ọmọ ọdún márùn-ún. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá. Ọkọ wọn ń wa lọ́rì; ọjọ́ tí a bá rí wọn náà ni wọ́n dé. Nígbà tí Síkírá pé ọmọ ọdún méjì ni ibà gbígbóná kan kọlù ú. Ibà lọ, etí bá a lọ. Láti ìgbà náà kò gbọ́ ariwo kankan, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Odi ni gbogbo àdúgbò ń pè é. A sọ ọmọ lórúkọ, a pa àgbò, wọn ò fi orúkọ náà pè é lọ́jọ́ kan.

Ìsọ̀ mi fara ti jẹ́léósinmi Àǹtí Dọ́kàsì. Àbúrò ló jẹ́ fún mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ọmọ, èmi náà ń pè é ní Àǹtí. Aláṣọ funfun ni, kì í wọ bàtà. Ó ti ṣe alásè rí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìgboro Èkó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn adití. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ ní nǹkan kan. Bó ṣe ń bu ẹ̀wà fún àwọn ọmọ yẹn ló ń wo ọwọ́ wọn, títí èdè ọwọ́ náà fi yé e.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí Síkírá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó mi, ó lóṣòó síwájú ẹ̀, ó fọwọ́ sọ nǹkan kan. Ẹ mọ ohun tí ọmọ náà ṣe? Ó bojú wẹ̀yìn! Ó rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọmọ náà fi ń bèèrè omi, tó ń bèèrè ìyá ẹ̀, tó ń fẹjọ́ ewúrẹ́ sùn. Ó fún èmi náà lórúkọ: á fi ìka há ẹ̀yìn etí, bíi pẹ́ńsù káfíńtà. Èmi nìyẹn.

Àfi bí onígbáméjì ṣe dé, àrùn tí í mú ni bì, tí í mú ni yàgbẹ́ títí omi ara á fi tán. Ẹ̀yin tí ẹ rí kòrónà, ẹ ti mọ bí àrùn ṣe ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tìgbà yẹn. Ẹni tí a jọ kí ara wa lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbẹ bí pánla. Wolé-wolé wá, wọ́n ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ di títì. Wọ́n ti jẹ́léósinmi náà.

Ẹ̀rù bà mí o, mi ò ní parọ́. Mo jẹ orógbó títí ahọ́n mi fi kú. Ọjọ́ tí àwọn abánigún-abẹ́rẹ́ dé àdúgbò wa, inú wọ́dùróòbù tí mo ń kàn lọ́wọ́ ni mo wọ̀, mo sì fa ilẹ̀kùn dé. Nọ́ọ̀sì ń bèèrè mi, wọ́n ní mo ti lọ sí Ìyànà Ìbà. Ta ló tú mi fó? Síkírá ni! Ó fa nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wá síwájú wọ́dùróòbù, ó fi ìka há ẹ̀yìn etí. Òun ti gba tirẹ̀, kò sunkún. Ariwo tí èmi pa, katapílà dúró.

Àǹtí Dọ́kàsì ò jókòó sílé ní tiẹ̀. Ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, á kó ọmọ méjì mẹ́ta jọ sí ìta gbangba, kẹ́tù lọ́wọ́ ọ̀tún, ọṣẹ lọ́wọ́ òsì. Kí wọ́n tó kọrin kankan, wọ́n á fọwọ́. Omi tó ń ṣàn ni o, kì í ṣe omi inú abọ́. Síkírá ló ń mú dání káàkiri, torí pé ọmọ náà kì í fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ ṣeré. Àmì tí wọ́n ní fún ọwọ́ fífọ̀ ni pé ọwọ́ kan á tẹ̀ bí ẹnu kẹ́tù, ìkejì á tẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo ọmọ kéékèèké àdúgbò ló ń fọwọ́ bá Síkírá sọ̀rọ̀. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ ju tẹnu lọ. Ta ni kò ní fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí ìyá ẹni ò lè gbọ́?

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Múfú, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pe èrò ní gáréèjì Okokomaiko, ló figbe ta. Ó ní ọjọ́ kejì rèé tí ọmọ òun ti ń fọwọ́ tọrọ ẹ̀kọ, tí kò lanu. Ó ní odi ti ràn án. Àbí kí ni ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé gáréèjì? Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé Ìyànà Ìbà: odi ń ràn, bí onígbáméjì ṣe ń ràn ló ń ràn.

Ẹ gbọ́ o. Àwọn ènìyàn tí ogún wọn ń fi ife kan mu omi nínú àmù kan!

Bí Síkírá bá ń kọjá, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn wọlé. Obìnrin kan da eérú sí ibi tó jókòó sí. Ọmọ náà rò pé eré ni, ó fi ìka ya ìlà sí eérú náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí obìnrin ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Wọ́n ní kí àwọn kúkú mú ọmọ náà padà sí Ìsẹ́yìn. Mo ní ta ló máa bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Wọ́n ní ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ níbí tẹ́lẹ̀? Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ ti ìpàdé òbí tí wọ́n fẹ́ pè ná.

Àrùn ti rọlẹ̀ nígbà náà. Wolé-wolé ti ní kí jẹ́léósinmi ṣí. Ni Alága ẹgbẹ́ onílé bá pe gbogbo òbí sí pálọ̀ wọn. Alùhájì ni Alága, àwọn ló ń kó yanrìn fún àwọn tó ń ṣe títì. Ilé alájà tuntun ni wọ́n kọ́, ilẹ̀kùn méjìlá ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèlérí fún mi. Ẹ fi ilẹ̀kùn méjìlá yẹn sọ́kàn o.

A débẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì gbé ẹsẹ̀ mì. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí tábìlì, wọ́n fi léèsì bò ó bí ìyàwó tuntun. Síkírá jókòó sídìí orúnkún mi. Bísí, ọmọ ọmọ Alága, tí òun náà wà ní jẹ́léósinmi, jókòó sí ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀ àgbà.

Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀. Bàbá Múfú ro ẹjọ́ ẹ̀kọ. Ẹnìkan ní òun ti gbọ́ pé ibì kan wà tí odi kan sọ odindi agbo ilé di odi. Wọ́n bi í pé níbo, ó ní ọ̀nà jìn. Àǹtí Dọ́kàsì kúnlẹ̀, ó ní etí ọmọ náà ni kò gbọ́, kì í ṣe àrùn. Ó ní ọmọ márùn-ún péré ni òun kọ́ ní ọwọ́ fífọ̀, Síkírá ló kọ́ àwọn tó kù.

Alága wá dájọ́. "Àǹtí, a ti gbọ́. Jẹ́léósinmi á ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n odi yìí á jókòó sílé. Kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe?" Wọ́n wá kọjú sí mi. "Káfíńtà, ṣé kò burú?"

Ilẹ̀kùn méjìlá to ara wọn jọ síwájú mi, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyí: "Ohun tí ẹ̀yin àgbà bá ti sọ, abẹ gé e."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Wọ́n sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ni wọ́n bá gbé ìrẹsì wá, kí á fi jíjẹ dí ọ̀rọ̀ náà. Abọ́ ìfọwọ́ ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa: abọ́ kan, omi kan, àgbà ló ń kọ́kọ́ fọ̀. Alága fọ̀, wọ́n gbé e fún ìkejì wọn. Ó yí ká. Bàbá Múfú tó ti ń di ẹrù èrò mọ́ mọ́tò láti àárọ̀, òun náà ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, èèyàn mẹ́sàn-án ti fọwọ́ sínú ẹ̀; omi ti dúdú bí ọṣẹ dúdú. Kẹ́tù àlùwàlá Alága sì wà lẹ́nu ọ̀nà o! Èyí tí wọ́n ń da omi ẹ̀ sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́.

Mo na ọwọ́ sí abọ́. Síkírá gbá ọrùn ọwọ́ mi mú.

Mo fà á, kò jù ú sílẹ̀. Ó wo ojú mi, ó mi orí. Ó tẹ ọwọ́ kan bí ẹnu kẹ́tù, ó tẹ́ ìkejì sábẹ́ ẹ̀, ó sì tún fọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí kò yé mi. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tà á, òun ló tún ń gbà mí lọ́wọ́ ikú.

Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, Bísí ti dìde lẹ́sẹ̀ bàbá ẹ̀ àgbà. Ó lọ ẹnu ọ̀nà, ó gbé kẹ́tù wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Alága bi í pé kí ni.

Ó ní, "Bàbá, Síkírá ní omi yẹn ti dọ̀tí. Ó ní ìdọ̀tí ọwọ́ yín àti ti Bàbá Múfú wà nínú ẹ̀. Ó ní kí Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má bàa kú."

Ohùn ẹ̀ dún bí agogo. Gbogbo pálọ̀ ló gbọ́ ọ. Ọmọ tó ti ń bá odi ṣeré láti ìgbà tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń já geere lẹ́nu ẹ̀!

Mo bá dìde. Mo gbé abọ́ náà sókè kí gbogbo wọn lè rí inú ẹ̀.

Mo ní, "Alága, ẹ má bínú. Nínú ọmọ yìí àti abọ́ yìí, èwo ló ń ràn?"

Bàbá Múfú wo àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni tó gba lẹ́tà, ó rọra nù ún mọ́ ṣòkòtò. Alága ò wò mí. Wọ́n na ọwọ́ síwájú Bísí, Bísí sì da omi sí i. Wọ́n fọ ọwọ́ yẹn pẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó dáa, kí ọmọ náà máa wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kó máa jókòó sí, kó má baà da orí àwọn tó kù rú.

Ẹ̀yìn kẹ̀! Ọmọ tó jẹ́ pé ojú ló fi ń gbọ́ràn, ẹ ní kó lọ jókòó sẹ́yìn? Wọn ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Obìnrin eérú náà ò wá bẹ̀ wọ́n. Owó epo tó pọ̀ tó yẹn, tó ń la títì gba inú irà kọjá, kò la ọ̀nà kékeré kan fún irú Síkírá láti Ọ̀jọ́ títí dé Bàdágírì, àfi obìnrin kan tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn pẹ̀lú kẹ́tù.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, káfíńtà kan ti Ìyànà Ìbà wá wọn ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjìlá ilé Alága. Ó kí mi tìtìjú-tìtìjú. Mo ní kó má ṣèyọnu.

Mo ti la pákó ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi kan àtẹ tí a gbé dúrọ́ọ̀mù omi lé, mo de ẹ̀rọ omi kékeré mọ́ dúrọ́ọ̀mù náà nísàlẹ̀. Èyí tó kù, mo fi kan àpótí ìjókòó kan ṣoṣo. Iwájú pátá ní jẹ́léósinmi ni mo gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fi ìṣó onínṣì mẹ́rin kàn án mọ́ òpó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé Síkírá lọ sẹ́yìn, kó kọ́kọ́ wó jẹ́léósinmi.

Lọ́jọ́ Ajé, Síkírá dúró sídìí ẹ̀rọ bí wolé-wolé. Ọmọ kan ò wọlé láìfọwọ́. Bàbá Múfú mú ọmọ ẹ̀ wá, ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan wọlé. Síkírá na ọwọ́ dí ọ̀nà, ó fi àmì kẹ́tù hàn án. Àgbàlagbà wẹ̀yìn, kò rí ẹni tó máa gbà á. Ó fọwọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò gùn. Bí àrùn bá dé, ohun tó ti mọ́ wa lára kì í bà wá lẹ́rù, ẹni tí a ò gbọ́ èdè ẹ̀ là ń sá fún. Ẹ má ṣe bíi ti káfíńtà, tó jẹ́ pé ìgbà tí ìrẹsì dé ló tó lanu gbèjà ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé ńkọ́? Nígbà tí kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ta ló rántí wọn? Ta ló gbé kẹ́tù wá bá yín? Ẹ kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó kọ ọ́.